Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí Ẹnu Dákẹ́?

Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó dá lé.

Kì í ṣe nǹkan tuntun pé kí ènìyàn bá olówò polówó, kí ó sì gba láádá lórí ohun tí wọ́n bá tà. Àwọn alágbàtà ti ń ṣe é ní Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀ kí a tó bí wa. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì fi kún un ni líǹkì: ilé-iṣẹ́ yóò fún ọ ní tìrẹ, bí ẹnikẹ́ni bá sì gba ibẹ̀ ra ọjà, ìpín rẹ yóò wọlé. Láti 1996 ni Amazon ti ń ṣe irú ètò yìí.

Èmi náà ṣe é rí. Iná sólà kékeré ni ọjà náà. Mo ra ọ̀kan sí yàrá ìkàwé mi, ó ń tàn di òru, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ̀ fún ará àti ọ̀rẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà, mẹ́wàá ni tèmi. Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìdóàní, títí dé Ìfọ́n, àwọn ènìyàn mi rà á. N kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kejì, ọjà náà yí padà. Orúkọ kan náà, páálí kan náà, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í lò ju oṣù mélòó kan lọ. N kò rí i fúnra mi, nítorí èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ mo ti ń gbọ́ ìráhùn níhìn-ín lọ́hùn-ún, láádá sì ń wọlé.

Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni iṣẹ́ mi. Ó yẹ kí n ti fura sí gbólóhùn ara mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo ń sọ ni pé, "Mo lò ó, ó dára." Nígbà tí ó yá, ó di "Ó dára." Ní ìgbẹ̀yìn, "Wọ́n ní ó dára" ni mo ń wí. Ẹ wo "wọ́n" yẹn dáadáa. A máa ń lò ó nígbà tí a kò bá fẹ́ kí ẹrù ọ̀rọ̀ wà lórí wa. Mo ti yọ ara mi kúrò nínú gbólóhùn, ṣùgbọ́n n kò yọ orúkọ mi kúrò nínú líǹkì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìfọ́n ni wọ́n là mí lójú. Mo lọ kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá àtùpà kẹrosíìnì lórí tábìlì. Iná sólà wà ní igun yàrá, wọ́n fi aṣọ bò ó.

"Mọ́mì, kí ló ṣe iná yín?"

"Ó ti kú láti bí oṣù mẹ́rin."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé èmi mọ iná ni? Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo rà. N kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ kò tọ́jọ́."

Mo fẹ́ dá owó wọn padà, wọ́n kọ̀. Mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ní òru ọjọ́ náà ni mo pa líǹkì rẹ́, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí ó rà á nípasẹ̀ mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí MMM ti ilẹ̀kùn owó mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá 2016, ta ni ó lè wá Sergey Mavrodi lọ sí Rọ́ṣíà? Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́, tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì tí ó mú ènìyàn wọ̀ ọ́, tí ó sì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, ni ojú ń wá. Iná tèmi kì í ṣe jìbìtì bí èyí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ gbà dé etí ẹni tí ó gbà wá gbọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí ní ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn ṣíwọ́ ìpolówó, n kò ní ní kí ẹ dúró de ìgbà tí ìráhùn bá pọ̀, tàbí tí láádá bá dínkù. Àwọn tí ó fẹ́ràn wa kì í ráhùn. Ẹ tẹ́tí sí ẹnu ara yín. Ọjọ́ tí "mo" bá ti kúrò níbẹ̀, tí "wọ́n" wọlé, ọjọ́ náà ni kí ẹ dákẹ́.

Ire o.