Magnolia Lórí Ilẹ̀ Amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù

Oṣù kẹta ni mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Forest Hill, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ igi ò tíì rúwé, ṣùgbọ́n magnolia ti tanná níwájú ilé káàkiri, funfun àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́, lórí ẹ̀ka tí kò ní ewé kankan.

Ilẹ̀ tó hù sí ló yà mí lẹ́nu. Amọ̀ paraku ni. Bí òjò bá rọ̀, omi á dá dúró lórí rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á sán débi pé ògiri ilé mìíràn á là. Amọ̀ yìí náà ló mú kí gbígbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ rọrùn ní ìlú náà.

Bàbá àgbàlagbà kan, aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi, ló là wá lọ́yẹ̀. Ó ní ẹni tó gbẹ́ kòtò jíjìn sínú amọ̀, tó wá kó ajílẹ̀ rírọ̀ kún un, àmù ló rì mọ́lẹ̀ yẹn: omi á wọ́ jọ síbẹ̀, gbòǹgbò á sì jẹrà. Kí kòtò fẹ̀, kó má jìn. Amọ̀ tí a wú jáde náà ni ká fi dí i, kí ìdí igi sì ga díẹ̀ ju ilẹ̀ àyíká lọ. Ewé jíjẹrà ni ká máa fi bo ilẹ̀ lọ́dọọdún, kó má kan ara igi. Ọkọ́ ò gbọdọ̀ débẹ̀, torí gbòǹgbò magnolia sanra, ó rọ̀, kò sì jìn sílẹ̀. Ìkìlọ̀ ọkọ́ yìí ló máa nira jù fún àwa ọmọ àgbẹ̀! Ní ti iyanrìn tí àwọn kan ń rà dà sínú kòtò, owó òfò ni lójú tèmi.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ ojú irin dé Putney, a fẹsẹ̀ rin kọjá lórí afárá odò Thames lọ sí Fulham Palace, ààfin àwọn bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́. Henry Compton, bíṣọ́ọ̀bù láti 1675 di 1713, fẹ́ràn igi ilẹ̀ òkèèrè. John Banister, àlùfáà tó rán lọ sí Virginia, ló fi magnolia àkọ́kọ́ tó dé Yúróòpù ránṣẹ́ sí i ní nǹkan bí 1688. Magnolia virginiana ni, ọmọ irà, tí omi kì í tètè pa. Magnolia soulangeana tó kún Forest Hill yàtọ̀: nítòsí Paris ni Étienne Soulange-Bodin ti mú un jáde láti ara irú méjì tó ti Ṣáínà wá, ó sì kọ́kọ́ tanná ní 1826. Ó ń fara da amọ̀, àmọ́ kò lè fara da omi tó dá rogún sí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà lórí amọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà ìrúwé ni kẹ́ ẹ gbin magnolia. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka, ẹ dúró di oṣù keje, torí èyí tí a bá gé kí ewé tó yọ, oje ni yóò máa sun.