Ẹ̀rú Tuntun fún Àáké Ìyá Mi

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó, àfi ìgbà tí èmi fúnra mi jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, tí mo ń fi àfọ́kù ìgò fá igi gúáfà kí ó lè di ẹ̀rú àáké. Ẹ̀yin ìyáálé ilé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wa ka iṣẹ́ igi sí. Ohun tí ó gbé mi dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Nígbà tí ìyá wa fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2021, àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin péjọ láti pín ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú aṣọ òfì, àbúrò wa mú iyùn, bọ̀dá mi sì gba ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi wọ ilé ìdáná lọ, mo na ọwọ́ sí orí àjà, mo sì sọ orí àáké kékeré kan kalẹ̀. Ó ti dípẹtà, ó pupa bí ilẹ̀ amọ̀, kùkùté ẹ̀rú rẹ̀ àtijọ́ ṣì há sínú ihò rẹ̀.

Bọ̀dá mi ní, "Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe? Àwọn tí ń ra irin àlòkù kò lè fún ọ ní owó búrẹ́dì lórí rẹ̀."

Mo fàáké kọ́rí pé òun gan-an ni mo fẹ́. N kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìdí náà sì ti wà lọ́kàn mi fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ.

Gààrí ni ìyá wa fi tọ́ wa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wá, ẹ sì mọ gààrí ibẹ̀: a óò rin ẹ̀gẹ́, a óò dì í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan dáadáa, kí a tó kù ú, kí a sì yan án. Nídìí agbada, iná ni ọ̀gá. Bí ó bá pọ̀ jù, gààrí yóò jó; bí ó bá kéré jù, yóò di ìṣù. Nítorí náà, igi wẹ́wẹ́ ni ìyá mi ń kó sábẹ́ agbada, àáké kékeré yìí ni ó sì fi ń là á. Bàbá rẹ̀ ni ó rà á fún un láti Èkó kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àáké òyìnbó ni. Lára rẹ̀, gbogbo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i ti pa rẹ́ tán àyàfi ENGLAND.

Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 2000, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, orí àáké náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí ẹ̀rú. Ìyá mi ní, "Gbé e lọ bá Bàbá Káfíńtà kí wọ́n bá wa mú un le." Mo ní, "Ó dáa, mà." Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti péjọ sí ilé aládùúgbò wa láti wo fíìmù. Mo rántí ohun tí mo ti ń rí tí àwọn ènìyàn ń ṣe: mo ju àáké náà sínú korobá omi, mo sì sáré lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti le dan-in dan-in. Mo gbé e fún ìyá mi, n kò sì sọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹta, bí ó ti gbé àáké sókè láti la igi, orí rẹ̀ fò yọ, ó sì bá a ní ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún. N kò lè gbàgbé ẹ̀jẹ̀ náà lórí eérú. Abẹ́rẹ́ méje ni wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́ náà ní ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, bí òtútù bá ti mú, ìyá mi a máa tiro. Kò bi mí léèrè rí bóyá mo dé ọ̀dọ̀ káfíńtà. Èmi náà kò sì jẹ́wọ́ títí ó fi lọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, mo gbé irin náà tọ Bàbá Káfíńtà lọ. Wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n yí irin náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Àáké Ìyá Onígààrí nìyí." Mo ní kí wọ́n bá mi fi ẹ̀rú sí i. Wọ́n ní, "Èmi kọ́. Ìwọ ni yóò ṣe é. Èmi yóò jókòó tì ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tí ó ní irú irin bẹ́ẹ̀ lórí àjà lè fẹ́ gbìyànjú. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ju irin náà sínú iná kí kùkùté igi tí ó há sínú rẹ̀ lè jó dànù. Bàbá kígbe mọ́ mi. Wọ́n ní iná ni alágbẹ̀dẹ fi fún ẹnu àáké ní líle, iná náà ni yóò sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni a ti fi irin ṣóńṣó lu kùkùté náà títí ó fi yọ lókè, nítorí ihò àáké òyìnbó máa ń fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ní ti ìpẹtà, ìmọ̀ tèmi wúlò níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti omi ni ó ń sọ irin di ìpẹtà, ohun kíkan sì máa ń tú u. Mo rẹ irin náà sínú fínígà fún òru kan nínú abọ́ oníke. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà lè ṣe é. Mo fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́, mo sì fi omi eérú ṣan án, nítorí bí kíkan náà bá kù lára rẹ̀, yóò tún dípẹtà. Mo sá a sí oòrùn kí ó gbẹ, mo sì fi òrí díẹ̀ pa á lára. N kò fá a títí yóò fi máa dán bíi dígí. Àwọ̀ dúdú ara rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ni.

Igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé ìyá wa ni a gé. Igi yìí le, kì í tètè ṣẹ́. Òun ni àwọn ọmọkùnrin ń gé ṣe rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ. Bàbá kò jẹ́ kí n fi ayùn là á. Àáké ni wọ́n fi là á, kí ó lè tẹ̀lé ojú ọ̀nà ara rẹ̀, nítorí igi tí ayùn bá gé ojú ọ̀nà rẹ̀ kọjá ni ó máa ń ṣẹ́. A yọ àárín gbùngbùn rẹ̀ sọ nù, a fi ọ̀dà kun orí àti ìdí rẹ̀ kí ó má baà sán, a sì gbé e sórí àjà ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́jọ ni ó lò níbẹ̀. Igi tútù a máa sún kì bí ó bá ti ń gbẹ, ẹ̀rú tí a fi igi tútù ṣe kò sì ní pẹ́ mì.

Nígbà tí ó gbẹ tán, mo gbẹ́ ẹ ní ínǹṣì 14. A kò ṣe é ní róbótó. Pẹlẹbẹ díẹ̀ ni, bí ẹyin tí a tẹ̀, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí ẹnu àáké kọjú sí láìwò ó.

Bí mo ti ń fá a lọ́wọ́ ni mo bi Bàbá léèrè ohun tí ó burú nínú fífi àáké sómi. Wọ́n ní igi a máa wú nínú omi, ṣùgbọ́n irin kì í yẹ̀ fún un. Igi náà yóò fún ara rẹ̀ pa mọ́ irin; nígbà tí ó bá tún gbẹ, yóò kéré ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí lójú.

Wọ́n ní, "Ìyá rẹ wá síbí nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san. Ó ní òun rí korobá náà. Mo bi í bóyá ó nà ọ́. Ó ní, 'Mo ní kí ó gbé e wá, n kò sọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí kò bá gbé e wá. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀.' Mo ní kí n fi ẹ̀rú mìíràn sí i, ó ní kí n fi sílẹ̀, òun yóò máa ra igi lílà."

N kò lè fèsì. Mo ń fá igi mi lọ, omi ń bọ́ lójú mi, Bàbá sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

A fi ayùn la ojú ẹ̀rú náà díẹ̀, a sì ti irin bọ̀ ọ́. Bàbá gbé ẹ̀rú náà dúró lóòró, irin wà nísàlẹ̀ láìkan ilẹ̀, wọ́n sì ń fi òòlù onígi lu ìdí ẹ̀rú lókè. Mo rò pé irin yóò já bọ́. Àṣé ṣe ni yóò máa gun igi bọ̀ lókè! Ohun tí ó wúwo kì í tètè gbéra: igi ń lọ sísàlẹ̀, irin dúró sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a gbá pẹlẹbẹ igi líle kan sínú ojú tí a là, kí ẹ̀rú lè fẹ̀, kí ó sì há gírígírí. Fáìlì àti òkúta ìpọ́nbẹ ni a fi pọ́n ẹnu rẹ̀, láìkánjú, kí ó má baà gbóná.

Ní ọjọ́ ọdún tuntun 2024, gbogbo wa pàdé ní ilé ìyá wa. Bọ̀dá mi fi àáké náà la igi tí a fi se ìrẹsì. Ó dúró, ó wò ó, ó ní, "Ó bá ọwọ́ mu." Níbẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ korobá omi fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kàn fa ọwọ́ mi mọ́ra.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ní kí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, nu àáké náà gbẹ, kí ó sì gbé e wọlé. Mo fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ṣùgbọ́n mo pè é padà, mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, mo sì fi ojúgun tèmi hàn án ibi tí irin ti bá ìyá àgbà rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni a ní láti gbẹ́ èkù fún àwọn ọmọ wa. Bí ẹ bá rán wọn níṣẹ́ ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdí iṣẹ́ náà kún un.