Olùṣọ́ tí Ó Dákẹ́

Bí olùṣọ́ bá sùn, ẹ̀bi rẹ̀ hàn gbangba. Ṣùgbọ́n bí ó bá lajú sílẹ̀, tí ó rí ewu, tí ó sì dákẹ́ nítorí pé a ti pàṣẹ fún un kí ó dákẹ́, ta ni kí a dá lẹ́bi?

Àbújá ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni Galaxy Backbone, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2006 láti so àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí pọ̀ lórí ẹ̀rọ. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí à ń pè ní sáfà, kì í sinmi. Ènìyàn kò sì lè jókòó tì wọ́n tọ̀sán-tòru. Ètò kọ̀ǹpútà mìíràn ni a fi ń ṣọ́ wọn. Ọ̀kan tí ó lókìkí nínú wọn ni Nagios, tí Ethan Galstad kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1999 pẹ̀lú orúkọ NetSaint. Yóò máa kan ilẹ̀kùn sáfà kọ̀ọ̀kan láti ìgbà dé ìgbà. Èyí tí kò bá dáhùn, yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ké sí olùtọ́jú.

Bí afárá bá wó, a kì í ka gbogbo ará òdìkejì odò mọ́ òkú. Nítorí náà ni a fi ń kọ òbí sáfà sínú ìwé ìlànà ètò náà: ráútà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ráútà bá kú, olùṣọ́ yóò sọ pé ọ̀nà ni kò sí, a sì lè pàṣẹ fún un kí ó má ṣe ké nítorí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìpè kan péré ni olùtọ́jú yóò gbọ́ dípò ogójì. Ọgbọ́n gidi ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa ṣí kiri. Ká ní wọ́n gbé sáfà kan láti Gárkì lọ sí Wúsè, tí ìwé ṣì ń pe ráútà Gárkì ní òbí rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, iná lọ ní Gárkì. Ní wákàtí kan náà, sáfà Wúsè dákú fúnra rẹ̀. Olùṣọ́ kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn, ó wo ìwé, ó ní afárá ló wó, ó sì dákẹ́. Ilẹ̀ mọ́ bá èrò lórí ìlà. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni olú-ìlú ti kúrò ní Èkó. Ẹni tí ó bá ṣì ń rò pé iṣẹ́ Àbújá dúró nítorí pé ọ̀nà Ìkòyí dí, irú olùṣọ́ yìí ni.

Nagios a máa yẹ ìwé rẹ̀ wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí ó ń bèèrè ni bóyá òbí tí a dárúkọ wà, àti bóyá ẹ̀rọ méjì kò máa bí ara wọn ní òbíríkítí. Kò bèèrè bóyá òbí náà ni òbí tòótọ́. Okùn kì í gùn títí kí ó má níbi tí a ti fà á wá: olùtọ́jú ni yóò fúnra rẹ̀ tọ ipa ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ sáfà, kí ó fi ohun tí ó rí wé ohun tí a kọ.

Níbi àtúnṣe gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òbí èké náà lè má sí lórúkọ sáfà rárá. Ó lè jẹ́ pé ó jogún rẹ̀ láti inú àwòṣe tí òun àti ọ̀pọ̀ mìíràn jọ ń lò. Aláìfarabalẹ̀ yóò pa á rẹ́ nínú àwòṣe, àwọn tí ó kù ní Gárkì yóò di aláìlóbìí, ogójì ìpè yóò sì tún padà. Abẹ́ orúkọ sáfà Wúsè nìkan ni kí a kọ òbí tuntun sí. Bí kò bá sì nílò òbí kankan, kí a kọ null síbẹ̀, ogún náà yóò sì já.

Lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí iṣẹ́ kò pọ̀, kí olùtọ́jú pa ráútà Gárkì, kí ó pa sáfà Wúsè pẹ̀lú, kí ó gbé fóònù sórí tábìlì, kí ó sì dúró.