Erin Ni Màmá Fẹ́ Rí

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún mi ní ìsinmi níbi iṣẹ́ nínú oṣù Èrèlé, ibi méjì ló sì wà lọ́kàn mi. Igbó ọba Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà àpapọ̀ ní 1991, ni ọ̀kan. Yánkárí ní ìpínlẹ̀ Bauchi ni èkejì. Ọdún kan náà ni wọ́n jọ gba orúkọ yẹn, àmọ́ láti 2006 ni Yánkárí ti padà sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi. Owó àti àyè tó wà lọ́wọ́ mi kò gbé ju ibì kan lọ.

Kí n tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni mo ti yan Ọ̀yọ́-Ilé. Láti kékeré ni orúkọ ìlú yẹn ti ń pè mí. Ní 1826, nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò Clapperton dé ibẹ̀, ìlú ńlá ló bá, Aláàfin Májọ̀tú ló sì gbà á lálejò. Àwọn Hausa ń pe ibẹ̀ ní Katunga, orúkọ yẹn náà ni òyìnbó kọ sínú ìwé rẹ̀. Kó tó di 1840, kò sẹ́ni tó ń dáná níbẹ̀ mọ́. Ogun Ìlọrin ti fẹjú, Aláàfin Olúewu ti bógun lọ, àwọn tó ṣẹ́kù sì ti gbẹ́rù sọ́rí, wọ́n ń lọ sí ìhà gúúsù. Àgọ́ Ọ̀jà ni Àtìbà tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Igbó wá bo ìlú àtijọ́ mọ́lẹ̀. Odi amọ̀ ló kù, àti àpáàdì, àti ojú ọlọ tí àwọn ìyá wa lọ ata lórí àpáta títí tó fi jin kòtò. Ojú ọlọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fọwọ́ kàn.

Ìyàwó mi gbọ́ mi tán. Ó ní, "Bàbá Tèmi, ọmọ ọdún mẹ́fà yóò wo àpáàdì pẹ́ tó?" N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni pé ẹfọ̀n wà nínú igbó yẹn, ìgalà wà, ẹtu wà, ṣùgbọ́n ẹranko tó ti mọ ọdẹ kì í dúró de àlejò. Erin ni àwọn ọmọ sì ń pariwo ní tiwọn.

Mo ní kí n gba ilé Màmá lọ. Mo mọ̀ pé yóò gbè mí. Ilé ọdẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, àwọn baba ńlá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Mo ṣàlàyé, mo ní, "Màmá, ẹ ó bá wa lọ, ẹ ó fi ilé àwọn baba yín han àwọn ọmọ."

Màmá wò mí títí. "Kí ni n ó lọ wò níbẹ̀? Ìlú tí mo bá kí, ta ni yóò jẹ́ mi?" Ó tún dákẹ́. "Bàbá mi kì í sun ìjálá kó má kan àjànàkú. Èmi náà ti fi kì yín, mo ti fi kì àwọn ọmọ yín. N kò fojú mi rí i rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Gbogbo wa là ń pa á lówe pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, mélòó nínú wa ló wá ti rí erin? Díẹ̀ ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n igbó yẹn dí, wọ́n sì ń fara pa mọ́. Yánkárí ni agbo erin tó pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà kù sí, níbi tí WCS, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, àti ìjọba Bauchi ti jọ ń ṣọ́ wọn láti 2014. Ó kù díẹ̀ kó pé igba ọdún tí Ọ̀yọ́-Ilé ti dá wà. Orúnkún Màmá kò lè dúró dè mí tó ọdún méjì sí i.

Mo bá yan Yánkárí, mo pe ojúlùmọ̀ kan ní Bauchi kí n lè mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ó ní kò séwu, kí á sá ṣáà má rìn lálẹ́. Bàálù gbé wa dé Abuja, ọkọ̀ gbé wa rin ọ̀nà tó kù, a sì ń dúró lọ́nà nítorí Màmá.

Ní Yánkárí, omi Wikki ni a kọ́kọ́ rí. Ó ń sun láti ìdí àpáta, ó mọ́ débi pé ò ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru. Màmá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì pe òun. Inú ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn, koríko ti gbẹ, odò Gaji sì ni ẹranko ń wá mu. A bọ́ sí àkókò tó dáa.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ṣọ́ igbó pa iná ọkọ̀, ó nawọ́. Àwọn erin ń bọ̀ létí odò, wọ́n ń fetí lu ara wọn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ fẹ́ hó, mo fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Mo wẹ̀yìn wo Màmá, mo rò pé yóò kì í. Kò kì í. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì di ìjókòó iwájú mú gírígírí.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi bi í, ṣé wọ́n ń bímọ níbí?"

Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún nawọ́ sí abẹ́ ikùn èyí tó tóbi jù. Kékeré kan wà níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ìjà rẹ̀ wá ọmú.