A Gba Inú Oko Olóko Kọjá

Láti Paddington ní London, ọkọ̀ ojú irin kan wà tó ń gbé èèyàn lọ tààrà sí Moreton-in-Marsh. Ibẹ̀ la ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Bourton-on-the-Water, èmi àti Bọ̀dá mi tí wọ́n wá kí wa láti Òkè-Igbó. Èrò mi ni pé ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe oko kòkó, kí ló fẹ́ wá ní Oxford Street? Inú oko ni kí n mú wọn lọ. Mo wá yan agbègbè Cotswolds: òkè tí kò ga, abúlé olókùúta tí wọn ò jìnnà síra, àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ láti ọ̀kan dé èkejì.

Bourton dára, àmọ́ èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Odò Windrush gba àárín ìlú kọjá, omi rẹ̀ ò mu èèyàn dé orúnkún, afárá òkúta pẹlẹbẹ sì wà lórí rẹ̀ níbi mélòó kan. Ohun kan ṣoṣo tó dá Bọ̀dá dúró ni Bourton kékeré tí wọ́n fi òkúta kọ́ sẹ́yìn ilé ọtí kan, tí wọ́n ṣí ní 1937. Gbogbo ìlú náà ló wà níbẹ̀, ní ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, títí kan Bourton kékeré mìíràn nínú Bourton kékeré. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ wò ó títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì kọrí sí ọ̀nà Lower Slaughter.

Kò pẹ́ tí a fi dé ibi tí Bọ̀dá ti kọ̀ láti wọlé. Géètì kan ló wà níwájú wa, pápá gbalasa wà lẹ́yìn rẹ̀, àgùntàn ń jẹ koríko káàkiri, a ò sì rí ẹnikẹ́ni tí a lè tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oko olóko rèé," Bọ̀dá ní. "Ta lo sọ fún?"

Mo fi ọfà aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kàn mọ́ òpó hàn wọ́n. Mo ní, "Ẹ wò ó, Bọ̀dá, ọfà yìí ni àṣẹ wa." Wọ́n wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀.

Géètì náà kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì nílò rẹ̀. Inú ọgbà tóóró kan ló ti ń fì síwá sẹ́yìn. Wàá wọ inú ọgbà náà, wàá ti géètì kọjá ara rẹ, lẹ́yìn náà ni wàá tó ráyè bọ́ sí òdì kejì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà á lẹ́ẹ̀kan. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí, àgùntàn ò sì lè bá a yí bẹ́ẹ̀ kó jáde. Bọ̀dá gbà á kọjá, wọ́n tún padà, wọ́n tún gbà á, wọ́n ní ẹni tó ṣe é ní làákàyè.

Bí a ṣe ń rìn ni mo ń ṣàlàyé. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1949 ló pàṣẹ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní England àti Wales pé kí wọ́n ya ọ̀nà ẹsẹ̀ tí aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà sórí máàpù. Ọ̀nà tó bá ti wà níbẹ̀, olóko kò gbọ́dọ̀ dí i, bó ti wù kó lówó tó. Ẹ̀tọ́ láti rìn kò sì rọrùn láti rí gbà látilẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́, òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, gun òkè Kinder Scout, ilẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá yà sọ́tọ̀ fún ìdọdẹ ẹyẹ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn aṣọ́gbó, ilé ẹjọ́ sì rán márùn-ún nínú wọn lẹ́wọ̀n. Ilẹ̀ gbalasa orí òkè ni wọ́n ń jà fún, kì í ṣe ọ̀nà àárín oko bíi tiwa yìí, ṣùgbọ́n ariwo ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó bí òfin 1949.

"Ẹ̀wọ̀n, nítorí wọ́n rìn?" Bọ̀dá ní.

Lower Slaughter kò gbà wá lákòókò. Odò Eye ń ṣàn lọ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ilé ìlọkà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí símínì rẹ̀ jẹ́ bíríkì pupa láàárín ilé òkúta. Ìwé tí Ọba William fi ka gbogbo ilẹ̀ ní 1086 ti dárúkọ ilé ìlọkà ní abúlé náà.

Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni a rí odi kan tí apá kan rẹ̀ ti wó, Bọ̀dá sì dúró tì í bí ẹni pé ọwọ́ wọn ló fẹ́ tún un ṣe. Kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí amọ̀. Ibi tó wó yìí ló jẹ́ ká rí inú rẹ̀: odi méjì ni, wọ́n kọjú síra, wọ́n ń sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń ga, òkúta wẹẹrẹ ló sì kún àárín wọn. Níbi kọ̀ọ̀kan, òkúta gbọọrọ kan á la odi já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, òun ló ń di méjèèjì mú. Lókè, wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ dúró lóòró. Irú òkúta yìí kan náà, tó pọ́n rúsúrúsú, ni wọ́n fi kọ́ ilé, òun ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Irun àgùntàn ló sì pèsè owó rẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn oníṣòwò irun ló fi èrè wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ràgàjì sí Northleach àti Chipping Campden. Lónìí, owó tó ti ìlú ńlá wá ló ń ra ilé wọ̀nyí, ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í sábà lágbára àtirà á. Bí abúlé náà ti lẹ́wà tó, ìyẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ní Upper Slaughter, a ò rí òpó ìrántí àwọn tó kú sójú ogun, irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ abúlé Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ọmọ ibẹ̀ tó lọ ogun 1914 sí 1918 ló padà wálé, gbogbo àwọn tó lọ ogun Hitler náà sì padà. Bọ̀dá ní ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan bá àwọn sójà lọ sí Bọ́mà nínú ogun kejì yìí, wọn ò sì bọ̀. "Ẹnu wa nìkan ni orúkọ tiwọn wà," wọ́n ní.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń gòkè lọ sí Naunton. Ohun tí Bọ̀dá fẹ́ràn jù lọ́nà yìí ni kíkí. Ẹni tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ ojú irin London, bó bá dé orí ọ̀nà ẹsẹ̀, á kí ọ kẹ́ ẹ tó súnmọ́ra. Bọ̀dá ń dá gbogbo wọn lóhùn, wọ́n ń kí ajá wọn pẹ̀lú. Àwa nìkan ni aláwọ̀ dúdú tí mo rí lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Ó ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀: ní 2019, Rhiane Fatinikun, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ kí àwọn obìnrin dúdú lè máa jọ rìn irú ìrìn yìí.

Oko àlìkámà kan ló wá pa Bọ̀dá lẹ́nu mọ́. Àlìkámà náà ga dé ìbàdí, síbẹ̀ ọ̀nà kan là á já, ó mọ́ tónítóní, ó fẹ̀ tó mítà kan. Òfin ló ní bẹ́ẹ̀: bí àgbẹ̀ bá tu ọ̀nà náà nígbà tó ń roko, ọjọ́ 14 ló ní láti tún un ṣe, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn bò ó. Bọ̀dá já ṣírí kan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, wọ́n fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu. Wọ́n ní kò tíì gbó.

Ní Naunton, lẹ́yìn tí a wo ilé ẹyẹlé àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta kọ́, a jókòó de takisí. Mo bi wọ́n pé ṣé irú òfin yìí lè wúlò nílé.

"Nínú oko kòkó tèmi? Kí wọ́n máa ká a lọ?" Bọ̀dá ní. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àmọ́ ọ̀nà odò tí aládùúgbò mi fi wáyà dí ńkọ́? Bá mi tẹ òfin yẹn sórí ìwé, kí n mú un lọ fún Baálẹ̀."

Mo ní òfin Gẹ̀ẹ́sì ò dé Òkè-Igbó.

"Ìwọ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́."