Ẹ̀ka Tí Ìkálẹ̀ Lè Yà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ni BitKeeper, irinṣẹ́ tí ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gba irinṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ àwọn tí ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ láti kọ Linux, Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tí ó dá Linux sílẹ̀, kò káwọ́ gbera. Ó ṣe tirẹ̀, ó pè é ní Git, nígbà tí ó sì di oṣù keje ọdún náà, ó fà á lé Junio Hamano lọ́wọ́, ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà.

Arọ́kin iṣẹ́ àjọṣe ni Git. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kan iṣẹ́, ì báà ṣe àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó tún ṣe, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí ó ṣe é, àti ìdí rẹ̀, ni yóò wà nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní commit. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan a sì gba àmì ìdámọ̀ oní-lẹ́tà-àti-nọ́ńbà 40, tí a ṣírò láti inú ohun tí ó gbé dání àti láti inú àmì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá yọ́ kẹ́lẹ́ lọ yí ọ̀rọ̀ àná padà yóò rí i pé gbogbo àmì tí ó tẹ̀lé e ti yí padà, àṣírí a sì tú. Èmi tí mo mọ iye àgbà tí wọ́n pìtàn fún olùwádìí, tí ìwé jáde tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀, n kò lè ka èyí sí ohun kékeré.

Nítorí náà ni iṣẹ́ Niger-Volta Language Technologies Institute, tí Iroro Orife gbé ìwádìí lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, ṣe wù mí: wọ́n kó ọ̀rọ̀ Yorùbá alámì jọ sórí GitHub, ìkànnì tí a ń gbé iṣẹ́ Git sí, kí kọ̀ǹpútà lè fi kọ́ bí a ti ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tí a kọ láìfàmì sí, ẹni tí ó bá sì rí àṣìṣe lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó ya ẹ̀ka, ìyẹn ọ̀nà àtúnṣe tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́ àpapọ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì bẹ àwọn olùtọ́jú pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n gbà á wọlé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó yàtọ̀ ni àṣìṣe: ohùn gh, tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti sọ nù, ṣì ń bẹ lẹ́nu àwa Ìkálẹ̀, ní Òkìtìpupa àti ní Òde-Ìrèlè. Bí a kò bá sí níbi tí a ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ọmọlúàbí kan láti ibòmíràn lè fi tọkàntọkàn pa á rẹ́, kí ó rò pé àṣìṣe ni. Ẹ̀ka yíyà ni ó tù mí nínú, nítorí ẹ̀ka Ìkálẹ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ àpapọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan gbé èkejì mì.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágú ní Òkìtìpupa lè kọ́ Git. Àwọn ìyá wa ni wọ́n mọ ọ̀rọ̀. Kí ọmọ jókòó ti ìyá, kí ó tẹ ohun tí ó gbọ́ bí ó ti gbọ́ ọ, kí ó sì kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí orúkọ wọn. Bí wọ́n bá gbà, Git ti ya àyè méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tí ó ni iṣẹ́, ìkejì fún ẹni tí ó fi í wọlé: orúkọ ìyá ni kí ó kọ sí ti àkọ́kọ́.