Kí O Tó Buwọ́ Lù Ú

Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Bàbá rẹ pè mí lálẹ́ àná, ó ní wọ́n ti gbé ọ kúrò ní ẹ̀ka ìlera lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rajà fún káńsù. Bó ṣe ń sọ ọ́, èèyàn á rò pé o jẹ tẹ́tẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ọdún 33 ni mo lò nínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, 16 nínú rẹ̀ wà nínú sítọ́ọ̀, mo sì mọ ohun tí ará ilé máa ń rò bí ọmọ wọn bá dé ìdí kọ́ńtíráàtì. Ìwọ náà á rí wọn láìpẹ́. Ìbátan tí kò pè ọ́ láti ìgbà tí a ti sìnkú Ìyá Àgbà á wá béèrè bóyá káńsù ò nílò àga.

Inú òkùnkùn ni àwọn èèyàn rò pé wọ́n ti ń jí owó ìlú. Ní tèmi o, ọ̀sán gangan ni mo ti rí i, lórí tábìlì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti fáìlì. Gbogbo ìwé á pé pérépéré. Ohun tí ìwé sọ pé ó wà nílẹ̀ nìkan ni o ò ní rí.

O ti mọ bí ìrajà ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ka tó fẹ́ nǹkan á kọ̀wé béèrè, akápò á wò ó bóyá owó rẹ̀ wà nínú ìṣúná ọdún, wọ́n á gba iye owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bíi mẹ́ta, ìgbìmọ̀ tẹ́ńdà á jókòó, wọ́n á kọ LPO, ìwé àṣẹ ìrajà. Ọjà á dé, sítọ́ọ̀ á kà á, á kọ̀wé pé òun gbà á, ìgbà yẹn ni fáúṣà á tó máa rìn lọ sọ́dọ̀ ọ̀dítọ̀ inú ilé kí owó tó jáde. Inú ìwé tí à ń pè ní Financial Memoranda ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Wá ẹ̀dà tìrẹ kà. Má gbára lé èyí tí ọ̀gá rẹ ń kà lórí. Ó tó ọdún 9 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí èmi tó ṣí i, mo sì jẹ ìyà rẹ̀.

Iye owó láti ọ̀dọ̀ èèyàn mẹ́ta yẹn, ibẹ̀ ni kí ojú rẹ kọ́kọ́ là sí. Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2007 sọ pé ó kéré tán mẹ́ta, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni tí kò bá ara wọn tan. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ káńsù tààrà, òfin ìpínlẹ̀ ló dé ibẹ̀ (ti Èkó jáde ní 2011), ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Ní ọjọ́ kan, ìwé mẹ́ta dé iwájú mi fún àga ilé-ìwé. Orúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lókè wọn, àdírẹ́sì mẹ́ta, ìbuwọ́lù mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbàgbé lẹ́tà kan náà nínú ọ̀rọ̀ kan náà lórí ìlà kẹrin. Ẹnì kan ló jókòó tẹ gbogbo rẹ̀. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ ò mọ̀wé kọ dáadáa." Bó ṣe parí nìyẹn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ìwé mẹ́ta bá dé, n kì í kọ́kọ́ wo iye owó. Àṣìṣe ni mo máa ń wá.

Èkejì ni iṣẹ́ tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. A ní gọ́tà kan láti ẹ̀yìn ọjà dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gọ́tà kan ṣoṣo, omi kan náà ló ń gbà á. Nígbà tó dé orí ìwé, ó di mẹ́rin, apá kìíní, apá kejì, títí dé apá kẹrin. Ìdí rẹ̀ ni pé iye kan wà tí iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá bí wọn ò bá fẹ́ polówó rẹ̀ kí gbogbo ayé wá du ú. Gé e sí mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan á bọ́ sábẹ́ iye náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o bá òun tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, rántí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òfin 2007 yẹn pè é, ó sì kọ ìyà òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 5, kò sí owó ìtanràn, iṣẹ́ á sì bọ́.

Alága káńsù náà á ní kí o kọ LPO lónìí, kí owó tó dé, torí ọdún ìlú ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, àgbà ni. Kí o sì sọ fún un pé òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ọdún 2000 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 àti 100,000 náírà sórí ẹni tó bá buwọ́ lu kọ́ńtíráàtì tí kò sí nínú ìṣúná, tí kò ní àṣẹ, tí owó rẹ̀ kò sì sí nílẹ̀. Ọdún 7 ni ti ẹni tó bá bu owó lé iye ọjà. Alága á lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Orúkọ rẹ á wà nínú fáìlì.

Jẹ́ n sọ tèmi fún ọ, bàbá rẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọkọ̀ gbé sìmẹ́ǹtì dé. Àpò 300 ló wà lórí LPO. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, 240 ni. Awakọ̀ ní ọkọ̀ kejì ti wà lọ́nà. Agbaṣẹ́ṣe ń pè mí ní Màmá wa, ó ní òjò ti ṣú, àwọn ọmọ iṣẹ́ òun fẹ́ lọ, akápò sì ń dúró de ìwé mi kó tó tilẹ̀kùn. Mo kọ 300. Mo buwọ́ lù ú. Ọkọ̀ kejì yẹn, Àkànní, ó ṣì wà lọ́nà di òní.

Nígbà tí àwọn ọ̀dítọ̀ ìpínlẹ̀ dé, agbaṣẹ́ṣe ní ìwé, akápò ní ìwé, ọwọ́ mi ló sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n dá ìgbéga mi dúró fún ọdún 3. N ò jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ojú àánú ló kó bá mi, àti òjò.

Má tìtorí èyí máa wo gbogbo agbaṣẹ́ṣe bí olè. Káfíńtà kan wà tó ṣe tábìlì ilé-ìwé fún wa, iṣẹ́ rẹ̀ dán, ó fẹ́ẹ̀ tó ọdún 2 kó tó rí owó rẹ̀ gbà. Kò bá wa ṣe mọ́. Àwọn tó kù wá ń ka ọdún tí wọ́n máa fi dúró mọ́ iye tí wọ́n ń pè fún wa, ni tábìlì káńsù fi wọ́n ju ti ọjà lọ. Bí fáúṣà ẹni tó ṣiṣẹ́ bá wà lórí tábìlì rẹ, má jẹ́ kó sùn níbẹ̀.

Nígbà tèmi, "owó ò tíì kúrò lọ́wọ́ ìpínlẹ̀" ni ìdáhùn sí gbogbo nǹkan, torí àpò àjùmọ̀ní àwa àti ìpínlẹ̀ tí òfin ilẹ̀ wa 1999 ní kí wọ́n máa kó owó wa sí. Ní July 11, 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 fún wọn tààrà. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì pe ara wa lọ́jọ́ náà, inú wa dùn. Nígbà tó yá, ẹnì kan béèrè pé, "Ta ló wà ní sítọ́ọ̀ báyìí?" A dákẹ́.

Bí ọmọ ìlú kan bá kọ̀wé wá béèrè fáìlì gọ́tà, má fi pamọ́ fún un. Ọjọ́ 7 péré ni òfin 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba fún yín láti dáhùn.

Mo fi téèpù mi rán awakọ̀ sí ọ, oní-mítà 30. Òun ni mo fi wọn gọ́tà yẹn. Mítà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti já, torí náà orí 1 ni kí o ti máa bẹ̀rẹ̀, kí o sì yọ ọ̀kan kúrò nínú ohun tí o bá rí.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ